Oòrùn, fítámì D àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: kí ni fèrèsé lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Alábòójútó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ìlànà kékeré kan ni mò ń kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti aago 7 àárọ̀ títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀sùn kan náà ni gbogbo wọn ń mú wá: ó ń rẹ̀ wọ́n, wọn kì í sùn dáadáa, inú wọn kì í dùn sí nǹkan kan, egungun ẹ̀yìn àti itan sì ń ro àwọn mìíràn. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo ní:

1. Bí èèyàn bá jókòó sẹ́bàá fèrèsé onígíláàsì tí oòrùn ń tàn wọlé, ṣé ara rẹ̀ ń rí fítámì D?
2. Ìṣẹ́jú mélòó ló tó lójú oòrùn, ní aago mélòó?
3. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún fítámì D bá gbé 14 jáde, òògùn wo ni, báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó? Mo rí kápúsù 50,000 IU (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì), àwọn kan sì ní ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa lò ó.
4. Ṣé òògùn fítámì D lè lé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "èmi lò ó, ó sì bá mi lára mu" ni mo ń wá. Ohun tó dájú ni kẹ́ ẹ sọ, kẹ́ ẹ fi iye àti ìdí rẹ̀ sí i.

Ìtànṣán:

Ẹ kú àbójútó o. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé ọ̀nà méjì ni oòrùn ń gbà ṣiṣẹ́ lára ẹ̀dá, àmọ́ a máa ń kà wọ́n sí ọ̀kan. Ọ̀nà kìíní gba awọ ara, òun ló ń pèsè fítámì D. Ọ̀nà kejì gba ẹyinjú, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìtànṣán tí ọ̀kan ń lò kọ́ ni èkejì ń lò, wákàtí tó dára fún ọ̀kan kọ́ ló sì dára fún èkejì. Ti awọ ni màá sọ. Ẹni tó mọ̀ nípa ti ojú yóò dá wa lóhùn tó bá yá.

Ìbéèrè kìíní: rárá. Ìtànṣán UVB nìkan, irú ìtànṣán oòrùn kan tí ojú kò lè rí, èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 290 sí 315 nánómítà, ló lè yí èròjà 7-dehydrocholesterol inú awọ padà di ìpìlẹ̀ fítámì D3. Gíláàsì fèrèsé lásán ń dá UVB dúró, díẹ̀ báyìí ló ń rí ibẹ̀ kọjá. UVA, irú kejì tí ojú kò lè rí, ni gíláàsì ń jẹ́ kó wọlé, UVA kì í sì í ṣe fítámì D. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó hun awọ jọ kó sì sọ ọ́ di arúgbó ṣáájú ọjọ́. Nítorí náà, ẹni tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé látàárọ̀ ń jẹ ìyà oòrùn, kò jẹ èrè rẹ̀. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ náà ò yàtọ̀. Àmọ́ bí a bá ṣí fèrèsé náà, tí oòrùn bọ́ sára ní tààrà, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ìbéèrè kejì: ẹ fi òjìji ṣe aago. Bí òjìji ẹni bá gùn ju ẹni náà lọ, oòrùn ti lọ sílẹ̀ jù. Ìtànṣán rẹ̀ ń rìn jìnnà nínú ìpele ozone, afẹ́fẹ́ kan tó wà lókè ọ̀run, ozone sì ti ń gbé UVB mì kó tó dé ilẹ̀. Bí òjìji bá kúrú ju ẹni lọ, UVB wà. Ìdí nìyí tí oòrùn aago 7 àárọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní oòrùn fítámì, kò fi ní fítámì tó ṣe gúnmọ́ láti fún ẹnikẹ́ni. Ó wúlò fún nǹkan mìíràn, àmọ́ kì í ṣe fún èyí. Ẹ wá wo aago iṣẹ́ tí ẹ kọ: 7 sí 5. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ń wọlé kí òjìji tó kúrú, wọ́n ń jáde lẹ́yìn tó ti gùn tán. Ìsinmi ọ̀sán nìkan ló kù fún wọn, ìsinmi ọ̀hún gan-an ni wọ́n sì máa ń lò nínú ilé.

Ní ti ìṣẹ́jú, kò sí iye kan tó bá gbogbo awọ mu. Ẹni tí awọ rẹ̀ funfun gan-an, tó ṣí apá àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí òjìji kúrú, ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ sábà máa ń tó o. Ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú dáadáa lè nílò ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún èyí, nítorí melanin, èròjà tó ń mú awọ dúdú, ń gba UVB mọ́ra kó tó dé ibi tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ojú nìkan tàbí àtẹ́lẹwọ́ nìkan kò tó, bí ibi tó ṣí sílẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni fítámì ṣe ń pọ̀ tó. Ọjọ́ orí náà ń kó tirẹ̀: awọ ẹni 70 ọdún ń pèsè èyí tó kéré gan-an sí ti ẹni 20 ọdún, torí èròjà tí UVB fi ń ṣiṣẹ́ ti dín kù nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ìyẹn yan ara rẹ̀ bí ẹran. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, oòrùn kan náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó ti ṣe palẹ̀, yóò sọ ọ́ di lumisterol àti tachysterol tí kò wúlò fún egungun. Ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi í fúnni ní àpọ̀jù fítámì D bó ti wù kó pẹ́ tó, ṣùgbọ́n ó lè bó awọ. Ìdajì àkókò tí awọ yóò fi pọ́n ni kí èèyàn dúró mọ. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn. Ooru tí kò tètè kúrò lára, àti kí awọ máa dunni bí aṣọ bá kàn án, ni àmì tirẹ̀.

Ibi tí èèyàn ń gbé náà ṣe kókó. Ní Boston, ní nǹkan bí dígírì 42 sí àríwá, ìwádìí tó jáde ní 1988 fi hàn pé láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kejì, oòrùn kò lè pèsè fítámì D nínú awọ bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ kedere. Ní Edmonton, dígírì 52, láti Oṣù Kẹwàá títí di Oṣù Kẹta ni. Ẹni tó ń gbé nítòsí ìlà agbedeméjì ayé bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Òrùlé tó wà lórí rẹ̀ látàárọ̀ àti aṣọ tó bò ó látòkè délẹ̀ ni ìṣòro tirẹ̀.

Ọmọ Àárọ̀:

Ẹ̀gbọ́n Ìtànṣán, ẹ ò dárúkọ ìpara tí ń dáàbò bo awọ. Wọ́n ní èyí tí wọ́n kọ SPF 30 (nọ́ńbà agbára ìpara) sí lára ń dá UVB dúró tó 97 nínú 100. Ṣé kì í ṣe pé kí wọ́n kúkú jáwọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn?

Ìtànṣán:

Rárá, àbúrò. Yàrá ìdánwò ni 97 yẹn ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi ìpara náà nípọn, mílígíráàmù 2 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Ta ló ń pa á tó bẹ́ẹ̀ nílé? Ọ̀pọ̀ ń lo ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fo etí àti ẹ̀yìn ọrùn, wọn kì í sì í tún un pa lẹ́yìn wákàtí 2. UVB ń rí àyè kọjá. Bí èèyàn yóò bá pẹ́ lójú oòrùn ju ìṣẹ́jú mélòó kan tí mo sọ lọ, tí òṣùwọ̀n UV ọjọ́ náà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìtànṣán yìí ṣe le tó, sì tó 3, kó pa á, kó dé fìlà. Ní ti àwọn àfín, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé yín rárá pé kí wọ́n lọ yá oòrùn. Inú òògùn ni kí wọ́n ti rí fítámì D tiwọn. Bákan náà ni ẹni tó ń lo doxycycline, torí òògùn yẹn ń mú kí awọ tètè jó.

Apòògùn:

Ìbéèrè kẹta ni tèmi, mo sì ti ń retí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé 14 kí ni. Òṣùwọ̀n méjì ló wà: yàrá àyẹ̀wò kan ń kọ ng/mL, òmíràn ń kọ nmol/L, 1 ng/mL sì jẹ́ 2.5 nmol/L. 14 ng/mL jẹ́ 35 nmol/L, ó kéré, àmọ́ kò burú jáì. 14 nmol/L kò tó 6 ng/mL, àìtó gidi nìyẹn, egungun lè ti máa rọ̀. Nọ́ńbà kan náà, ìtọ́jú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kò tíì ka èsì.

Ẹ tún wo orúkọ àyẹ̀wò náà. Fítámì D tó ti awọ tàbí ẹnu wọlé kò tíì lè ṣiṣẹ́, ibodè méjì ló gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ̀dọ̀ ni ibodè kìíní, ibẹ̀ ló ti ń di 25-hydroxyvitamin D. Kíndìnrín ni èkejì, ibẹ̀ ló ti ń di calcitriol, èyí tó ń mú kí ìfun gba kálísíọ̀mù sínú ara. Ti ibodè kìíní ni kí wọ́n wọ̀n, nítorí òun ló ń sọ iye tó wà nípamọ́. Wọ́n máa ń ṣèèṣì béèrè fún 1,25-dihydroxy, ìyẹn ti ibodè kejì. Àyẹ̀wò tó lè ṣini lọ́nà ni: bí ìpamọ́ bá ń tán lọ, ara á máa fi tipátipá ṣe calcitriol sí i, èsì á sì dára lórí ìwé nígbà tí àká ti ṣófo.

Ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń díwọ̀n nìyí: bí kò bá tó 12 ng/mL, àìtó ni. Láàárín 12 sí 20, kò tó fún àwọn kan. Láti 20 lọ sókè, ó tó fún egungun ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá ti ju 50 lọ, kò sí èrè níbẹ̀, ewu ló kù.

Ẹ dákun, ẹ kọ èyí gàdàgbà: kápúsù 50,000 IU kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Ẹyọ kan lọ́sẹ̀ ni, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, bí dókítà bá kọ ọ́ fún ẹni tí tirẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn náà wọn á sọ̀kalẹ̀ sí 1,500 sí 2,000 IU lójúmọ́. Àgbàlagbà tí kò sí lábẹ́ dókítà kò gbọ́dọ̀ ju 4,000 IU lọ lójúmọ́. Ẹni tó ń gbé 50,000 mì lójoojúmọ́ ti fi ìlọ́po méjìlá kọjá ààlà. Kálísíọ̀mù á máa gun òkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: èébì á máa gbé e, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á máa tọ̀ ṣáá, ìgbẹ́ á le, ọkàn rẹ̀ á máa dàrú, òkúta lè dì sí kíndìnrín. Inú ọ̀rá ara ni fítámì D ń sá pamọ́ sí, nítorí náà bó bá dáwọ́ dúró lónìí, májèlé náà lè má tán fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ká fún wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí wàhálà tán, wọ́n ti dán an wò. Ní Australia, wọ́n fún àwọn ìyá àgbà ní 500,000 IU lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èsì tó jáde ní 2010 ni pé wọ́n ṣubú, wọ́n sì dá egungun, ju àwọn tí wọ́n fún ní òògùn asán, èyí tí kò ní fítámì kankan nínú, lọ. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló bá ara mu.

Bí wọn yóò ṣe lò ó: D3 ni kí wọ́n rà, ó ń gbé ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ ga ju D2 lọ. Kí wọ́n lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá jù lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń fi omi lásán gbé e mì láìjẹun ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ nù. Oṣù 3 ni kí wọ́n tó tún àyẹ̀wò ṣe. Èsì ọ̀sẹ̀ 2 kò sọ nǹkan kan, ìwọ̀n náà ṣì ń gòkè nígbà yẹn. Ẹni tó bá ń lo biotin fún irun tàbí èékánná gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yàrá àyẹ̀wò ṣáájú, nítorí ó lè mú kí ẹ̀rọ kan gbé nọ́ńbà tó ga lórí irọ́ jáde.

Bí ó bá ń lò ó tí nọ́ńbà kò gòkè ńkọ́? Ẹni tó sanra púpọ̀ lè nílò ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, torí ọ̀rá ara rẹ̀ ti fa púpọ̀ mọ́ra. Àìsàn ìfun kì í jẹ́ kó wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni orlistat (òògùn ìsanra) àti cholestyramine (òògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀). Phenytoin àti phenobarbital (òògùn wárápá) àti rifampicin (òògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ) ń mú kí ara tètè tú u palẹ̀. Ní apá kejì, ẹni tó ń lo òògùn thiazide fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí digoxin fún ọkàn, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ńlá. Bí kálísíọ̀mù bá ga mọ́ digoxin, bí ọkàn ṣe ń lù lè dàrú.

Ní ti egungun tó ń ro wọ́n: ẹ ní kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n dìde láìfọwọ́ ti nǹkan. Ẹni tí itan rẹ̀ kò lágbára láti dìde, tí egungun sì ń dùn ún bí a bá tẹ̀ ẹ́, kó lọ rí dókítà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kápúsù nìkan mọ́.

Kò sì yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa ṣe àyẹ̀wò. Ìlànà tí Endocrine Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa họ́mọ̀nù, gbé jáde ní 2024 kò dábàá rẹ̀ fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. 600 IU lójúmọ́ ló tó fún ẹni ọdún 1 sí 70, 800 fún ẹni tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùtọ́jú Oorun:

*Oorun* ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe *oòrùn*. Àmì ohùn ló yà wọ́n nínú ìwé, ṣùgbọ́n nínú ara, ọ̀kan ló ń darí èkejì.

Ìbéèrè kẹrin: ẹ má ṣèlérí rẹ̀ fún wọn. Nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní VITAL, èèyàn 18,353 tó ti tó 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n tọpa ọkàn wọn fún nǹkan bí ọdún 5. Àwọn kan ń lo 2,000 IU lójúmọ́, àwọn kan ń lo òògùn asán. Èsì jáde ní 2020: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò dín kù lára àwọn tó ń lo fítámì D. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ni fítámì D rẹ̀ kéré, àmọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í jáde síta. Èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ẹ tọ́jú àìtó rẹ̀ nítorí egungun àti iṣan. Ti ọkàn, ojú ni ẹ máa gbà wọlé.

Nínú ẹyinjú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìríran. Ọdún 2002 ni wọ́n fi hàn gbangba pé wọ́n ń gbọ́ ìmọ́lẹ̀ fúnra wọn. Melanopsin ló wà nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ní nǹkan bí 480 nánómítà, ló sì ń jí wọn jù. Wọ́n ń ránṣẹ́ sí aago inú ọpọlọ, aago náà á sì pàṣẹ kí melatonin, họ́mọ̀nù òru, dáwọ́ dúró. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń fa aago yẹn síwájú kí oorun lè tètè kunni lálẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀gànjọ́ ń tì í sẹ́yìn.

Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni àwọn èèyàn kì í fura sí. Inú ọ́fíìsì sábà máa ń jẹ́ 100 sí 500 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀). Ìta lọ́jọ́ tí ìkúukùu bolẹ̀ lè tó 10,000. Ojú oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000. Ojú wa ló ń tàn wá jẹ, torí ihò dúdú àárín ẹyinjú ń fẹ̀ nínú ilé, ó ń sún kì lóde, a wá rò pé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra. Ibí yìí ni fèrèsé ti rí ọ̀wọ̀ tirẹ̀ gbà: gíláàsì kì í dá ìmọ́lẹ̀ yìí dúró. Ṣùgbọ́n ẹ gbé tábìlì sún mọ́ ọn gan-an. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ náà ti já wálẹ̀ gan-an.

Ohun tí màá kọ sínú ìwé yín ni: ìṣẹ́jú 20 sí 30 níta láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n bá jí, láìlo awò dúdú, láìwo oòrùn lójú. Kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn apá kan ọ̀nà ibi iṣẹ́ ti tó. Aago 7 àárọ̀ tí Ìtànṣán lé jáde ní ẹnu ọ̀nà awọ, àwa ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ojú.

Fún àwọn tó wà níbi tí ìgbà òtútù ti ṣókùnkùn, ìrẹ̀wẹ̀sì kan wà tó máa ń bá ìgbà náà dé, tó sì ń bá a lọ. Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1984. Oorun àsùnjù, ẹnu tí ń wá oúnjẹ oníṣúgà, àti ara tí ń wúwo sí i ni àmì rẹ̀. Àpótí ìmọ́lẹ̀ 10,000 lux, ìṣẹ́jú 30 láràárọ̀, ni ìtọ́jú tó wọ́pọ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni jíjìnnà. Bí wọ́n bá kọ sẹ̀ǹtímítà 30 sára rẹ̀ tí èèyàn wá jókòó sí 60, nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló ń dé ojú rẹ̀, yóò wá sọ pé àpótí kò ṣiṣẹ́. Èkejì ni lílo ó nírọ̀lẹ́, ìyẹn ń lé oorun sá. Bí orí bá ń fọ́ ẹni, kó fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní àrùn bipolar (èyí tó ń gbé ọkàn láti ìbànújẹ́ ńlá sí ayọ̀ àṣejù) kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe láìsí dókítà, nítorí ó lè tì í bọ́ sínú ayọ̀ àṣejù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí inú ẹyinjú rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Bí ìbànújẹ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹni náà kò lè ṣiṣẹ́ tàbí jẹun dáadáa, ẹ má fi oòrùn dá a dúró, kó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá ń ronú ikú, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ.

Alábòójútó:

Ẹ ṣé gan-an. Ó ku méjì. Àpótí ìmọ́lẹ̀ náà, ṣé ó ń fúnni ní fítámì D? Àwọn oníṣẹ́ òru ńkọ́?

Olùtọ́jú Oorun:

Kì í fúnni. Èyí tó bá dára, wọ́n ti sẹ́ UV kúrò nínú rẹ̀ nítorí ojú.

Fún iṣẹ́ òru: iná tó mọ́lẹ̀ kedere ní ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́, kí wọ́n dín in kù ní wákàtí tó gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń lọ sílé, awò dúdú lè ran oorun lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tí yóò fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀, oorun lè gbé e lọ lójú ọ̀nà. Kí yàrá ṣókùnkùn biribiri. Bí wọ́n bá jí ní nǹkan bí aago 2 ọ̀sán, kí wọ́n jáde síta kí òjìji tó gùn. Awọ á gba tirẹ̀, ojú á gba tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá lè jáde nígbà yẹn, 600 IU Apòògùn ni tirẹ̀.

Apòògùn:

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ ìwọ̀n méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí páálí òògùn kan ń lo IU, òmíràn ń lo máíkírógíráàmù: 40 IU ni máíkírógíráàmù 1, nítorí náà 600 IU jẹ́ 15, 4,000 sì jẹ́ 100. Ẹ má kọ "mg" o. Ìlọ́po 1,000 ni àṣìṣe yẹn.